Mímọ́ àti Mímọ̀: Ìbéèrè Tí Odò Ọ̀ṣun Gbé Ka Iwájú Ará Ìbàdàn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá yàrá ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kì í kọ́kọ́ béèrè iná. Omi ló máa ń béèrè. Éjẹ́ǹtì á mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á ju ike ìfami sínú kànga, á fa okùn, á da díẹ̀ sínú ife, á sì gbé ife náà sókè kí oòrùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì á tẹjú mọ́ ọn. Bí kò bá sí kòkòrò tó ń yí nínú rẹ̀, tí nǹkan kan kò sì rọ̀ sísàlẹ̀, éjẹ́ǹtì á ní, "Wò ó, omi yìí mọ́ gaara." Ọ̀rọ̀ omi parí nìyẹn, owó ilé ló kù.

Mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ru ẹrù tó pọ̀ nínú èdè Yorùbá. Òun la fi ń pe aṣọ tí ọṣẹ kàn, òun la fi ń pe ọwọ́ ẹni tí kì í jalè, òun náà ló sì wà nínú Ẹ̀mí Mímọ́, nínú Bíbélì Mímọ́, nínú Àlùkùránì Mímọ́. Àwọn èdè kan ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí kò ní ìdọ̀tí, wọ́n ní òmíràn fún ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Yorùbá kò yà wọ́n. Tí a bá sì rẹ ohùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó di mọ̀, ìyẹn ni kí nǹkan hàn sí ènìyàn kó sì dá a lójú. Ìbéèrè méjì ló wá so kọ́ra nínú ife kan yẹn. Ṣé omi tí ìgbàgbọ́ pè ní mímọ́ lè ní ikú nínú? Ṣé ẹni tí kò sì mọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó mọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti yàrá ìkàwé nìkan. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ wá láti agbègbè Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí Aṣéjìré. Ibẹ̀ ni ìjọba ti sé e, tí dáàmù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972, nígbà tí Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n kọ́ ní 1942 kò lè bọ́ Ìbàdàn mọ́. Níbi tí páìpù Aṣéjìré bá dé láàárín Bódìjà, Ring Road àti Challenge, lọ́jọ́ tí omi ẹ̀rọ bá yọ, Ọ̀ṣun ni díákónì ń fi wẹ̀, Ọ̀ṣun ni àlùfáà ń fi ṣe àlùwàlá, yálà wọ́n fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ tàbí wọn ò fẹ́. Wọ́n ti sẹ́ omi náà, wọ́n ti da kẹ́míkà sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ odò kan náà ni.

Ní òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà wà nínú ilẹ̀. Àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú àwọn odò ibẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sì ti sọ Ọ̀ṣun di aláwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹrẹ̀ kọ́ ló burú jù. Ẹrẹ̀ hàn. Níbi púpọ̀ láyé, mẹ́kúrì ni awakùsà kékeré ń pò mọ́ yẹ̀pẹ̀. Mẹ́kúrì á di wúrà mú, á kó hóró rẹ̀ jọ di òkìtì kan, wọ́n á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì fò lọ bí èéfín, kí wúrà nìkan ṣẹ́kù. Èyí tó fò lọ yẹn kò kúrò láyé. Òjò ló ń dá a padà sínú odò.

Urban Alert, ẹgbẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbé omi odò náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé àwọn rí òjé àti mẹ́kúrì nínú rẹ̀ ju ohun tí òfin gbà láàyè lọ. Nígbà tí ó di àsìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi odò. Odò tí igbó rẹ̀ wọ ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO ní 2005 nìyí o, odò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kí ní ìyá tó ń fi omi tútù wo ọmọ sàn. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ìkìlọ̀ náà tí wọ́n sì bu omi mu bí wọ́n ṣe ń ṣe látẹ̀yìnwá. Ìgbọ́kànlé wọn ni pé ìyá kì í pa ọmọ rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní Ọ̀ṣun mọ́ kò sọ ohunkóhun nípa òjé. Ohun tó ń sọ ni pé odò yìí kì í ṣe páìpù lásán, pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ tó sì ń dáhùn. Ẹ̀rọ kankan kò sí tó lè já a ní irọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn Òṣogbo fúnra rẹ̀ ní ohun kan nínú tó yẹ kó dáyà foni. Oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́ja, wá láti inú Atẹ́wọ́gbẹja: ọba tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, tó fi gba ẹja tí odò fún un. Májẹ̀mú ìlú àti odò nìyẹn, ẹja sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ẹja gan-an ni mẹ́kúrì ń sá pamọ́ sí. Àwọn kòkòrò aláìrí inú ẹrẹ̀ á yí i padà, ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, á máa pọ̀ sí i títí yóò fi dé inú àwo ọbẹ̀. Ní Minamata lórílẹ̀-èdè Japan, níbi tí àrùn tí mẹ́kúrì inú ẹja ń fà ti hàn sí ayé ní 1956, àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ló kọ́kọ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ káàkiri bí ẹni ń jó, kó tó kan ọmọ ènìyàn. Orúkọ ìlú náà ni àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ti 2013 ń jẹ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́.

Kí wá ni ìmọ̀ nínú gbogbo èyí, kí sì ni ìgbàgbọ́?

Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n ti jókòó ti àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì ti bi wọ́n léèrè bí Yorùbá ṣe ń lo mọ̀ àti gbàgbọ́. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni pé àgbà Yorùbá kì í fi mọ̀ ṣeré. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun ni ìmọ̀. Ìyókù, ohun tí a gbọ́ tí a sì gbà ni, ìgbàgbọ́ ni. Ohun tí ìwé sọ ńkọ́? Ìgbàgbọ́ ni. Ìròyìn rédíò ńkọ́? Ìgbàgbọ́ náà ni. Àfi tí wọ́n bá dán ọ̀rọ̀ náà wò níṣojú ẹni, ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀.

Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ 2022, ìjọba tó ní májèlé wà nínú omi àti olórìṣà tó ní kò lè pani, ìgbàgbọ́ ni ti àwọn méjèèjì lójú ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì sétí odò. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló fi ìgbà èwe rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Ìkejì, ìwé ìkéde ni. Kò rí òjé. Ta ló ti rí òjé nínú omi rí?

Òfin Nàìjíríà lórí omi mímu fi ààlà òjé sí mílígírámù 0.01 nínú lítà 1, ti mẹ́kúrì sí 0.001. Kí èyí lè yéni, ẹ jẹ́ kí a wo táńkì dúdú ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà tó wà lórí irin nínú ọgbà ilé káàkiri Bódìjà. Tí a bá to 1,000 irú táńkì bẹ́ẹ̀ jọ, gírámù 1 péré mẹ́kúrì ti tó láti mú gbogbo wọn dé ojú ààlà. Ní ti òjé, gírámù 1 ti tó fún 100 táńkì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò lè dá a mọ̀. Bí a bá se omi náà, kòkòrò àrùn á kú, òjé á wà níbẹ̀, á tún ki sí i nítorí omi tó ti bá ooru lọ. Álọ́ọ̀mù á rẹ ẹrẹ̀ sílẹ̀ tí omi á fi mọ́ lóló, ìyẹn gan-an ló sì léwu, nítorí ojú á ti gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa òjé. Ní agbègbè Olódó, ìdàrọ́ láti ilé iṣẹ́ bátìrì mọ́tò wà nílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbànjọ wà lára wọn, fi lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, tí wọ́n sì bá òjé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ nítorí wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ọmọdé ló ń mú jù, ọpọlọ wọn ló ń lọ bá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ tí kò lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Bẹ́ẹ̀ òjé yìí kan náà ni ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ohun tí ẹ̀sìn bọlá fún lọ́rùn ọwọ́ di ọ̀tá nígbà tó wọ ikùn. Ẹ̀sìn kò ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rùn ọwọ́, ọ̀tọ̀ ni ikùn.

Àwọn amòfin Ìsìláàmù ti ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ tipẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí Mùsùlùmí wò lára omi kó tó fi ṣe àlùwàlá: àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀, òórùn rẹ̀. Bí èérí kò bá yí ọ̀kankan nínú wọn padà, omi tó pọ̀ ṣì mọ́ fún ìjọsìn. Òfin tó gba tálákà rò ni, torí ojú, imú àti ahọ́n ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé ń gba abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Omi lè pé fún àlùwàlá kó má pé fún ìkókó. Ẹ̀sìn kan náà ló sì kọ̀ fún ènìyàn láti fi ìpalára kan ara rẹ̀ tàbí ẹnìkejì, nítorí náà àlùfáà tó bá ní kí wọ́n yẹ kànga mọ́sáláṣí wò kò jáde kúrò nínú òfin rárá.

Ní ti Kristẹni, ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ wúrà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rántí lọ. Ní 1930, ní Òkè-Ooyè nílùú Iléṣà, èrò rẹpẹtẹ gbé omi wá kí Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí i, ìjọ tó sì ti inú ìsọjí náà jáde, Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, kò tíì fi omi ìyè sílẹ̀ títí dòní. Èlíṣà inú Bíbélì náà wo omi sàn ní Jẹ́ríkò. Ohun tí wọn kì í sábà wàásù lé lórí ni bí ìtàn yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn ará ìlú ló wá jábọ̀ fún un pé omi àwọn kò dára. Wòlíì kò bínú sí wọn, kò sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Ìjábọ̀ ló ṣáájú iṣẹ́ ìyanu.

Báwo ni wọ́n á ṣe wá jábọ̀ ohun tí ojú kò rí?

Ní 1857, Michael Faraday ṣe omi wúrà kan ní London tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi zobo. Wúrà ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti kúnná débi pé àwọ̀ òrùka kò sí lára rẹ̀ mọ́. Irú hóró wúrà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lò lónìí lè má ju nánòmítà 15 lọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nánòmítà 80,000. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn hóró náà bá takété síra, omi á pọ́n. Tí nǹkan bá fà wọ́n mọ́ra, á ṣú di àlùkò, á di aró. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni láti wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù tí kì í dá ẹlòmíràn lóhùn àyàfi májèlé tí à ń wá. Juewen Liu àti Yi Lu ní Yunifásítì Illinois fi DNA hun irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní 2003, wúrà wọn sì ń pààrọ̀ àwọ̀ tí òjé bá dé. Àwọ̀, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí amòfin Ìsìláàmù ní ká wò! Òjé kò ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n wá yá a ní àwọ̀ wúrà kí ojú lásán lè rí i.

Ọ̀nà kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1928, C. V. Raman ní Calcutta lórílẹ̀-èdè Íńdíà rí i pé tí ìmọ́lẹ̀ bá kan nǹkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó bá lọ. Ìyàtọ̀ yẹn dà bí oríkì, ti ohun kan kì í jọ ti òmíràn. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní 1930. Àmọ́ ohùn náà kéré gan-an. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ẹyọ ìmọ́lẹ̀, ẹyọ kan ló ń padà báyìí. Ní 1974, Martin Fleischmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Southampton gbọ́ ohùn yìí ketekete lára nǹkan tó lẹ̀ mọ́ fàdákà tí wọ́n ti há ojú rẹ̀. Ọdún 3 lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi yé ayé pé fàdákà gan-an ló ń gbé ohùn náà sókè, ní ìlọ́po mílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà, hóró fàdákà àti hóró wúrà ti di gbohùngbohùn fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Sáyánáídì, tí wọ́n tún ń fi yọ wúrà lára òkúta, ní oríkì tirẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Mẹ́kúrì tó yọ́ sínú omi kò ní, nítorí ó dá wà, kò ní ẹnìkejì tí wọ́n á jọ máa gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ so akígbe kan, èròjà tó ní oríkì tirẹ̀, mọ́ hóró wúrà. Ọjọ́ tí mẹ́kúrì bá dé, ohùn akígbe á yí padà.

Kí ló dé tí awakùsà fi ń lo mẹ́kúrì? Nítorí pé mẹ́kúrì kò lè rí wúrà kó má dì mọ́ ọn. Kí ló dé tí hóró wúrà fi ń rí mẹ́kúrì mú nínú omi? Ìdí kan náà ni. Ìdìmọ́ra tó ba Ọ̀ṣun jẹ́ ló tún ń tú àṣírí ìbàjẹ́ náà.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbájé Lateef àti ẹgbẹ́ olùwádìí rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH ń ṣe hóró fàdákà láìlo kẹ́míkà líle. Èèpo obì, èèpo kòkó, àní òwú aláǹtakùn ni wọ́n ń lò. Wọ́n á da omi èèpo obì sínú omi iyọ̀ fàdákà tó mọ́ gaara, wọ́n á dúró, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí á fi dà bí àgbo. Ibi tí àwọ̀ ti yí yẹn ni fàdákà ti di hóró. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ pa kòkòrò àrùn, wọ́n sì ti fi pa aró inú omi.

Obì! Ohun tí àgbà ń pa nígbà tó bá fẹ́ mọ ohun tó farasin. Ó ń da awẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo èyí tó dojú dé àti èyí tó ṣíjú sókè, kò sì ní dìde títí obì á fi yàn. Ẹni tó ń da obì kò bú òrìṣà. Ó gbà pé òun kò mọ̀, ló ṣe ń béèrè. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, bíbéèrè gan-an ni ìjọsìn, kò sí ẹbọ tí wọ́n ń rú láìkọ́kọ́ béèrè. Kí ló wá sọ bíbi omi léèrè di àìgbàgbọ́? Ẹni tí àyẹ̀wò omi Ọ̀ṣun bá ń bí nínú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń da mẹ́kúrì sí i ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìbínú náà lọ. Pípa ẹja nínú igbó Ọ̀ṣun jẹ́ èèwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó fi èèwọ̀ yẹn lélẹ̀ mọ̀ pé odò ṣeé ṣẹ̀.

Òótọ́ kan tún wà tí kò yẹ ká gbójú fò. Omi odò kì í ṣe omi inú ìgò yàrá ìwádìí. Ẹrẹ̀, ewé tó rà àti ọṣẹ lè da hóró wúrà láàmú kó sọ ohun tí kò rí, tàbí kó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn ẹ̀rọ ńlá fún ìmúdájú. Tí èsì yẹn bá sì padà wá nínú àpò ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, ìgbàgbọ́ ló tún dà fún ará Agbowó, bó ti wù kí òótọ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ohun tí ìkìlọ̀ 2022 kò ní nìyí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn, wọn kò dán an wò níṣojú wọn.

Ní oṣù Kẹjọ, bọ́ọ̀sì á tún kó èrò láti Ìwó Road lọ sí Òṣogbo. Wọ́n á tẹ̀lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ, dé etí odò, wọ́n á pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì àti ìgò, kó tó di alẹ́, omi náà á ti dé igun yàrá ní Agbowó àti ní Challenge. Ká ní wọ́n gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà igbó, tí ìgò wúrà pupa wà lórí rẹ̀, tí onímọ̀ kẹ́míkà àti àwòrò Ọ̀ṣun jọ jókòó tì í. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ láti odò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán omi tirẹ̀ sínú ìgò náà, kó dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kó gbé e sókè sí oòrùn bí éjẹ́ǹtì ṣe ń gbé ife kànga. Bó bá di aró níṣojú rẹ̀, onímọ̀ á gba díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá, àwòrò á sì sọ fún un ohun tí omi náà ṣì wà fún: kó fi ta ilẹ̀ níwájú ojúbọ, kó má fi kan ọmọ lẹ́nu.